Ẹni Tó Tún Kọ̀ǹpútà Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣe

Ọjọ́ Kẹrin, Oṣù Kejì

Olóhùn Oyin mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ti dẹwọ́? Ṣé o ń jẹun bó ṣe yẹ, àbí tíì àti búrẹ́dì lo ṣì fi ń tan ara rẹ jẹ? Èmi wà ńbí. Ẹsẹ̀ tí mo fi ń tẹ máṣìnnì ìránṣọ nígbà tí iná bá lọ ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ìròyìn mọ́.

Pálọ̀ Ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti ń kọ ọ́ yìí, níwájú kọ̀ǹpútà wọn. Ìka méjì ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń tọ́ mi sọ́nà bí ẹni pé mo wà ní kíláàsì wọn, wọ́n sì ti fẹ́yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà láti ọjọ́ yìí wá. Wọ́n ní kí n kí ọ. Wọ́n ní ṣé o ṣì ń kàwé sókè kó o tó sùn, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nígbà tó o wà lọ́dọ̀ wọn.

Ojú wọn ò dáa mọ́ o. Ti òsì ti lọ pátápátá. Ti ọ̀tún, awọ funfun ti bo ẹyin rẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà ní tí wọ́n bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n á tún máa ríran. Ó ní tó bá fi lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni má bi òun. Ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fún wọn. Owó rẹ̀ ti pé ní báńkì, owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń fi pa mọ́ díẹ̀díẹ̀ ni. O mọ̀ wọ́n, wọ́n lè lo bàtà kan títí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi dà bí ewé.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ nìyí. Kọ̀ǹpútà yìí ń ṣàìsàn. Ó ń falẹ̀, ìkọ̀wé pupa kan sì máa ń yọ lójú rẹ̀ pé ewu ń bẹ. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń wo owó wọn ní báńkì, ibẹ̀ náà ni a ti ń ka lẹ́tà rẹ, torí a lè sọ ọ̀rọ̀ di gàdàgbà kí wọ́n lè rí i. Ìwọ lo sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lórí fóònù. Jọ̀ọ́, sọ fún ẹnì kan nínú yín kó pè wọ́n. Ìyá ẹlòmíràn lò ń tọ́jú láti àárọ̀ dalẹ́, fi tiwa náà kún un.

Èmi ni ìyá rẹ.


Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kejì

Màámi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú Màmá Tíṣà. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ojú wọn dùn mí wọra. Mo ṣì ń kàwé sókè. Ẹni tá a jọ ń gbé yàrá ní mo kàn ń dí òun lọ́wọ́ oorun ni.

Iṣẹ́ ń lọ. Yàrá kan tí kò ní fèrèsé la wà, tábìlì wa tò bíi ti ilé ìwé, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló dá wa sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, gbogbo wa sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí a bá ti dé láàárọ̀, inú dúróò Ọ̀gá ni fóònù wa ń wọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́. Agogo kékeré kan wà lórí tábìlì Ọ̀gá. Tí ẹnì kan bá ṣe dáadáa, ó máa ń lù ú, gbogbo wa á sì pàtẹ́wọ́. Wọ́n ti lù ú fún mi débi pé wọ́n gbé mi lọ sí yàrá òkè báyìí, kí n máa kọ́ àwọn tuntun ní bí a ṣe ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀. Àwọn kan nínú wọn ò lẹ́kọ̀ọ́ rárá. Wọn ò mọ̀ pé ó yẹ kéèyàn béèrè bóyá ìyá ti jẹun kó tó dá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sílẹ̀. Èmi ni mo kọ́ wọn kí wọ́n máa sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ bu omi, kí wọ́n jókòó jẹ́jẹ́. Ọ̀gá ní òróró wà lóhùn mi.

Nípa kọ̀ǹpútà Màmá Tíṣà, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń tún rédíò àti kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe lórí fóònù. Iléeṣẹ́ wa kì í ṣe fún irú wọn, iṣẹ́ wa wọ́n, agbára yín ò ká a. Ẹ má sì pe ibí o, Màámi. Ọ̀gá ò fẹ́ kí ará ilé máa pe ibi iṣẹ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kejì

Ìwọ ọmọ yìí,

Mo kí ọ. Mo ka lẹ́tà rẹ fún Ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tó o ti ní "irú wọn," mo fò ó. Ojú tì mí. Irú wọn wo? Ẹni tó gbé ọ sẹ́yìn lọ sílé ìwé nígbà tí èmi ò ní ju abẹ́rẹ́ àti òwú lọ? Ó wọ́n, agbára wa ò ká a! Òkè òkun ti gùn ọ́ lórí.

Mo ti pè wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, mo pè wọ́n. Nọ́ńbà tó o fi pè mí nígbà ọdún, tó o ní ti ibi iṣẹ́ ni, mo ti kọ ọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣìnnì. Mo ní èmi ni ìyá rẹ, mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ká sọ pé o gbọ́ bí wọ́n ṣe kí mi! Wọ́n ní wọ́n mọ̀ ọ́, wọ́n ní èèyàn dáadáa ni ọ́. Wọ́n ní torí tìrẹ, ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa ṣe é. Ṣé o rí i pé àwọn tí kì í ṣe ọmọ mi ló mọ iyì mi.

Ọkùnrin kan ló pe Ẹ̀gbọ́n mi láàárọ̀ yìí. A ń pè é ní Dókítà Kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Màmá, ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ ti jẹun? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bu omi tútù sínú ife, kẹ́ ẹ wá jókòó jẹ́jẹ́. Kò sóhun tó le nínú ẹ̀." Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi, wọ́n ní, "O ò rí ọmọ tí wọ́n tọ́!" Ó ní ká tẹ àwọn lẹ́tà kan, lẹ́yìn náà ká tẹ ibi tí wọ́n kọ "gbà" sí. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, àmì kékeré tó wà lójú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sá! Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ó ń ṣílẹ̀kùn sínú ibi gbogbo, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń ṣe "hẹ̀n-ẹ́n, hẹ̀n-ẹ́n" bíi dókítà tó ń tẹ ikùn aláìsàn.

Ìwọ wá gbọ́ ohun tó rí. Ó ní olè ti wọnú kọ̀ǹpútà náà, wọ́n sì ń ṣọ́ owó ojú. Ọkàn mi já. Ṣùgbọ́n ó ní ká fọkàn balẹ̀, lọ́la òun á bá wa kó owó náà síbi tí ọwọ́ wọn ò ní tó o. Tó bá ti ṣe é tán, a ò ní fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí, kí oògùn tó fi sí i lè ṣiṣẹ́. A ò sì ní gbé fóònù ẹnikẹ́ni láti ìsinsìnyí lọ àfi tirẹ̀, torí àwọn olè yẹn lè sín ohùn èèyàn jẹ, kódà ohùn ọmọ ẹni. Mo ti sọ fún bàbá onílé wa náà pé tí ẹnikẹ́ni bá pè, tó ní òun ni ọmọ mi, kí wọ́n pa á mọ́ ọn létí.

Torí náà, má bínú tó o bá pè tí mi ò gbé e. Tí o bá rí ọkùnrin yẹn níbi iṣẹ́, bá mi dọ́bálẹ̀ fún un.

Ìyá rẹ tí agbára rẹ̀ ò ká a.


Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kejì, ní ìrọ̀lẹ́

Màámi, ẹ má dá a lóhùn! Ẹ pa kọ̀ǹpútà yẹn báyìí, ẹ fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri. Ẹ lọ sí báńkì ní kùtù, kí wọ́n ti àkáǹtì Màmá Tíṣà pa. Olè ni. Mo ń pè yín, ẹ ò gbé e. Mo ń pe Màmá Tíṣà, wọn ò gbé e. Mo pe bàbá onílé, wọ́n ní, "Ìwọ olè, a ti mọ̀ ọ́," wọ́n sì pa á. Màámi, èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo ń pè.


Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kejì, ní òwúrọ̀

Màámi, mo mọ̀ pé wọ́n ti ní kẹ́ ẹ má ṣí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó o tán. Wọ́n á tún ní kẹ́ ẹ má sọ fún àwọn ará báńkì, pé ọ̀kan nínú wọn ló ń bá olè ṣe. Irọ́ ni. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ mú káàdì báńkì wá, kẹ́ ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ má kà á. Mo ń lọ síbi iṣẹ́. Mo máa bá Ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí.


Ọjọ́ Karùndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kejì

Ọmọ mi,

Mi ò béèrè àlàáfíà rẹ. O wà láàyè, ìyẹn tó.

Ọ̀sẹ̀ parí, a ò gbúròó Dókítà Kọ̀ǹpútà. A pè é, nọ́ńbà náà ò lọ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní bóyá ara rẹ̀ ò yá ni. Wọ́n tiẹ̀ gbàdúrà fún un. Nígbà tó yá, mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún rédíò ṣe. Ó wò ó, ó wo ojú mi, ó ní kí n jókòó. Mo mọ̀ nígbà yẹn, torí kò sẹ́ni tó ń sọ fún aránṣọ pé kó jókòó tí nǹkan bá dáa.

Owó ojú ti lọ. Gbogbo rẹ̀ ni. A lọ sí báńkì, ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì ní Ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn ni wọ́n fi ránṣẹ́, òun rí i pé àwọn ni wọ́n tẹ "gbà." Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mi ò ríran, ẹlòmíràn ló bá mi tẹ̀ ẹ́." Ọmọ náà béèrè pé ta ni. Èmi tí mo tẹ̀ ẹ́ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo di ọwọ́ wọn mú. Wọn ò dárúkọ mi títí a fi dé ilé, wọn ò sì tíì dá mi lẹ́bi dòní. Ó sàn kí wọ́n gbá mi létí.

Mo sọ fún wọn pé olè ló já wọ orí ìlà iléeṣẹ́ rẹ, pé kì í ṣe ará ibi iṣẹ́ rẹ ló pè wá. Wọ́n gbà mí gbọ́. Èmi náà gbà á gbọ́ fún odidi ọjọ́ kan.

Ìgbà tí ẹni tó ń tún rédíò ṣe dá kọ̀ǹpútà padà ni mo rí lẹ́tà rẹ méjèèjì. Mo kà wọ́n, mo tún wọn kà. Àlàyé kan ni mo fẹ́. Dókítà Kọ̀ǹpútà ní kí a mú káàdì wá, kí a ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní kí a má sọ fún ará báńkì, pé ọ̀kan nínú wọn ń bá olè ṣe. Bó o ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló sọ ọ́. Mi ò sì tíì sọ ìyẹn fún ọ nínú lẹ́tà kankan. Ta ló sọ fún ọ?

Kí ló dé tí ọkùnrin yẹn fi ní ká lọ bu omi?

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kẹta

Mo ń dúró. Ẹ̀gbọ́n mi náà ń dúró, wọ́n rò pé wíwá tó ò ń wá olè náà kiri ni kò jẹ́ kó o kọ̀wé. Iṣẹ́ abẹ ò pẹ́ mọ́.


Ọjọ́ Ogún, Oṣù Kẹta

Màámi,

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kí yín.

Ẹ ti mọ̀, kí lẹ tún ń bi mí sí? Bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ tí à ń ṣe nìyẹn. Nígbà tí mo débí, mo rò pé kọ̀ǹpútà la ń tún ṣe lóòótọ́. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀, àmọ́ nígbà yẹn mo ti ń fowó ránṣẹ́ sí yín, ẹ sì ti ń fi mí yangàn ládùúgbò. Ta ló ra máṣìnnì oníná tẹ́ ẹ ń lò? Ta ló ń san owó ilé? Ìyá ẹnì kan ni, Màámi. Gbogbo rẹ̀ pátá, ìyá ẹnì kan ló san án. Ẹ ò bi mí rí pé báwo ni ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ṣe wá ń tún un ṣe.

Mo sì ní kẹ́ ẹ má pè. Mo kọ ọ́ pé ẹ má pè. Ẹ̀yin lẹ pè wọ́n wọlé fúnra yín, ẹ tún fi orúkọ mi ṣe kọ́kọ́rọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kọkàndínlógún yẹn, mo lọ bá Ọ̀gá. Mo kúnlẹ̀. Mo ní ìyá tó tọ́ mi ni, owó ojú ni. Ó ní gbogbo wọn ni owó ojú, tàbí owó ọkàn, tàbí owó ìsìnkú. Ó ní ẹni tó bá fi ara rẹ̀ pè wá, ti kúrò ní ìyá ẹnikẹ́ni, ó ti di oníbàárà. Ẹni tó pè yín, èmi ni mo kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ omi yẹn, èmi ni mo kọ́ ọ. Pé kẹ́ ẹ má gbé fóònù ọmọ yín, èmi ni mo mú un wá, torí àwọn ọmọ ló máa ń bà á jẹ́ fún wa. Ìyẹn gan-an ni wọ́n tìtorí ẹ̀ gbé mi lọ sí yàrá òkè.

Ó kù díẹ̀ kó di ọ̀sán nígbà tí mo gbọ́ agogo. Gbogbo wa jáde dúró lórí àtẹ̀gùn. Mo wo ojú ọmọkùnrin tó pè yín, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń wá ojú mi kiri bí ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ kí tíṣà yìn ín. Mo pàtẹ́wọ́, Màámi. Ẹni tí kò bá pàtẹ́wọ́, wọ́n á máa ṣọ́ ọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ọ̀gá fi àpò ìwé kan lé mi lọ́wọ́. Ó ní ìpín ẹni tó mú oníbàárà wá ni. Mo gbà á. Mo ti fi ránṣẹ́ sí yín báyìí, kò tó iṣẹ́ abẹ, àmọ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Mi ò lè kúrò níbí lónìí, ìwé ìrìnnà mi wà lọ́wọ́ wọn. Kí n sì sọ òótọ́, mi ò mọ ibi tí mo máa lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín fún. Ẹ má sọ fún Màmá Tíṣà. Ẹ lè kọ̀ mí lọ́mọ, mo gbà, àmọ́ wọn ò gbọ́dọ̀ mọ̀.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ Kẹfà, Oṣù Kẹrin

Olóhùn Oyin,

Owó rẹ dé. Mo gbé e lọ fún dókítà ojú, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe é, kí n máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Ó ní kì í ṣe òun nìkan ló ni ilé ìwòsàn. Ọjọ́ tí wọ́n dá kọjá, wọ́n sì fi ẹlòmíràn sí i. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ẹ̀gbọ́n mi jí, wọ́n ní kí n ṣí fèrèsé. Fèrèsé ti ṣí tipẹ́, oòrùn wà lára wọn.

Mo wá fi owó rẹ ra ọ̀pá fún wọn, àti bẹ́ẹ̀dì tó sún mọ́ ilẹ̀ kí wọ́n má bàa ṣubú. Wọ́n béèrè pé ta ló ra irú ọ̀pá dáadáa báyìí. Mo ní ìwọ ni. Wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n ń fọwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

O bi mí léèrè ta ló ra máṣìnnì. Mo ṣì ń lò ó. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé mo gbé e jù síta. Èmi náà jẹun, mo sì gbádùn rẹ̀, mo máa ń pariwo orúkọ rẹ létí àwọn oníbàárà mi kí wọ́n lè gbọ́ pé ọmọ mi wà lókè òkun. O tọ̀nà, mi ò bi ọ́ rí. Ṣùgbọ́n mi ò pàtẹ́wọ́.

Mi ò kọ̀ ọ́ lọ́mọ. Ìyẹn máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù. Wàá máa kọ̀wé lóṣooṣù, màá sì máa kà á sókè fún wọn, torí etí nìkan ló kù fún wọn. Wàá kọ ọ́ dáadáa. Wàá sọ fún wọn ibi tó o ti wá olè náà dé, bí ọlọ́pàá ṣe ń ràn ọ́ lọ́wọ́. O mọ irọ́ pa fún àgbàlagbà, iṣẹ́ rẹ ni.

Mi ò tíì sọ fún wọn, mi ò sì ní sọ. Wọ́n jókòó tì mí bí mo ṣe ń tẹ èyí. Ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n kọjú sí, bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè pé kí ni mò ń sọ fún ọ tó gùn tó báyìí, mo ní mò ń kí ọ ni. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé àwọn ò jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá láìgbàdúrà fún ọ.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Láràárọ̀, kí wọ́n tó fẹnu kan omi, wọ́n á ní kí n wá jókòó ti àwọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n á kọ́kọ́ gbàdúrà fún ọ, pé ọ̀nà rẹ á là, pé wàá bímọ, pé ọmọ rẹ á tọ́jú rẹ bó o ṣe ń tọ́jú àwọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé ọwọ́ lé ojú wọn méjèèjì, wọ́n á wá ṣépè fún ẹni tó pè wọ́n lórí fóònù, àti ẹnikẹ́ni tó kọ́ onítọ̀hún ní irú ohùn jẹ́jẹ́ yẹn. Tíṣà ni wọ́n, wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan ló kọ́ ọ. Wọ́n ní kí ẹni náà má ríran, kí ọmọ tó máa bí náà má ríran. Wọn kì í kánjú. Wọ́n á sọ ọ́ títí, wọ́n á wá máa retí ohùn mi.

Mo máa ń ṣe àmín sí tàkọ́kọ́. Mo máa ń ṣe àmín sí èkejì náà.

Ìyá rẹ.